Ẹni Tí Ezra Ń Ju Bọ́ọ̀lù Sí

Ezra Akínlabí, tí wọ́n bí sí àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Wedding, ló ń ju bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ kan tó ń gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ jù, ní àdúgbò Reinickendorf. Láti ìgbà tí Jonas, tó máa ń sáré lọ gba bọ́ọ̀lù náà níwájú, ti kó lọ sí Hamburg, wọ́n ti pàdánù lẹ́ẹ̀mẹrin léra. Gbogbo èèyàn ní lílọ Jonas ló fà á. Bóyá. Ṣùgbọ́n Ọlọ́runyọmí tó rọ́pò rẹ̀ kì í ṣe ọ̀lẹ.

Kóòṣì ti kìlọ̀ pé bí wọ́n bá tún pàdánù ní Harburg, àdúgbò kan ní Hamburg, ó ṣeé ṣe kí ẹlòmíràn gba ipò Ezra. Nígbà ìsinmi ìdajì eré náà, wọ́n ti fi mẹ́rìnlá sí òdo nà wọ́n. Ezra kò lè jókòó.

"Yọmí, kí ló dé tí o kì í bá bọ́ọ̀lù níbi tí mo jù ú sí?"

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n."

"Ẹ̀bẹ̀ ti tó. Sọ ọ́."

Yọmí wo ilẹ̀. "Ẹ máa ń tètè jù ú. Jonas lẹ ṣì ń jù ú sí. Ẹsẹ̀ mi ò yá tó tiẹ̀."

"Láti ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Láti oṣù kẹrin."

"O wá dákẹ́?"

"Ṣé kí n wá máa kọ́ ẹ̀gbọ́n mi níṣẹ́ ni?"

Lẹ́yìn ìsinmi, Ezra ń dúró díẹ̀ kó tó jù ú, Yọmí sì gba mẹ́ta. Síbẹ̀ wọ́n pàdánù, ogún sí mọ́kànlélógún. Kóòṣì ní ó di ọjọ́ Ajé kí òun tó sọ̀rọ̀. Nínú ọkọ̀ ojú irin, Ezra ń dìde, ó ń jókòó.

"Yọmí, kí ló tún kù tí o ò tíì sọ?"

"Ó pọ̀ díẹ̀, ẹ̀gbọ́n."