Ìkòkò Tí Wọ́n Fẹ́ Kó Hó Dànù

Orí àpò ẹ̀kùrọ́ ni mo jókòó sí nínú ọkọ̀ akẹ́rù tó gbé mi kúrò ní Òde-Ayé. Ilẹ̀ kò tíì mọ́, ọyẹ́ sì bo ojú ọ̀nà débi pé díẹ̀díẹ̀ ni awakọ̀ ń wá a. Ìyá mi sìn mí dé ìdí ọkọ̀.

"Ọma mi," ó ní, "lọ ire, bọ̀ ire. Máà jẹ́ kí ghan fi ẹ́ rẹ́rìn-ín."

Ọ̀rọ̀ ìrẹsì ló gbé mi kúrò nílé. Ìrẹsì àbàtà wa dùn, àmọ́ bí a bá ti gbé e dé ẹ̀rọ, fífọ́ ló ń fọ́ wẹ́wẹ́, àwọn oníbàárà á sì kọjá lọ sídìí ìrẹsì òkèèrè. Ìjọba ń wá obìnrin kan tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, tí yóò lọ kọ́ bí àwọn ará Íńdíà ṣe ń bọ tiwọn kí ó má fọ́. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin àgbẹ̀ wa mú mi. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni mo ní. Bí mo bá padà lọ́wọ́ òfo, wọ́n ti pinnu pé àwọn yóò pa oko ìrẹsì tì, ọkàn mi kò sì lélẹ̀ rárá.

Ọkọ̀ òfurufú gbéra ní Ìkẹjà, ó yà ní Nàìróbì, ó sì já wa sí Bọ́ḿbè. Ibẹ̀ ni mo ti wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Màdíráàsì, odindi ọ̀sán àti òru. Páísà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n ń ta tíì olómi wàrà ní ibùdókọ̀. Ọgọ́rùn-ún páísà ló ń jẹ́ rúpíì kan. Orí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹun, ọwọ́ ọ̀tún nìkan, bíi tiwa. Wọ́n bu sáḿbà sórí ìrẹsì mi, ìyẹn ọbẹ̀ ẹ̀wà aláta tó ṣàn. Èmi tí mo máa ń fi ata jíjẹ yangàn sí àwọn ará òkè, ojú mi da omi pẹ̀rẹ̀pẹ̀rẹ̀.

Láti Màdíráàsì, bọ́ọ̀sì gbé mi gba àárín oko ìrẹsì lọ títí dé abúlé kan lẹ́bàá Tànjọ́ọ̀. Sẹ́lífì, tíṣà tó gbà mí sílé, ní kí n bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Inú mi dùn, torí bẹ́ẹ̀ náà ni a ṣe ń ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà tí mò ń lọ. Àmọ́ ọ̀rọ̀ tó tẹ̀lé e kò dùn.

"Àǹtí, wọ́n ti ti ilé ẹ̀kọ́ àgbẹ̀ tí ẹ tìtorí rẹ̀ wá pa," ó ní. "Ọlidé Póńgàl, ọdún ìkórè wa, ni, ọjọ́ mẹ́rin. Ìyá bàbá mi mọ iṣẹ́ ìrẹsì ju àwọn olùkọ́ ibẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kì í kọ́ àlejò mọ́."

Pàtti ni wọ́n ń pe màmá náà, ìyẹn ìyá àgbà lédè Támílì. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Ọjọ́ kìn-ín-ní ọlidé, wọ́n dáná sun ẹní àti ìgbálẹ̀ tó ti gbó. Ọjọ́ kejì ni Póńgàl gan-an. Kí oòrùn tó yọ, àwọn obìnrin ti fi ìyẹ̀fun ìrẹsì ya òdòdó sí iwájú ilé. Wọ́n gbé ìkòkò amọ̀ tuntun ka iná níta, wọ́n so ewé àtalẹ̀ pupa mọ́ ọn lọ́rùn, wọ́n da wàrà sí i. Pàtti ní kí n jókòó ti iná, kí àwọn lọ gbé ìrèké wá.

Wàrà bẹ̀rẹ̀ sí í ru. Ẹ̀yin tí wọ́n tọ́ nílé wa, ẹ mọ ohun tí ọwọ́ mi ṣe. Ọmọbìnrin tó bá jẹ́ kí ìkòkò hó dànù ní Òde-Ayé, ọjọ́ náà ni yóò mọ orúkọ tí wọ́n ń pe ọ̀lẹ. Mo fa igi yọ lẹ́ẹ̀kan náà, mo fẹ́ atẹ́gùn sí ìfófòó náà, ó rọlẹ̀. Mo gbójú sókè, mò ń retí oríyìn.

Àwọn tó lọ gbé ìrèké ti dé, wọ́n ń wo ìkòkò. Sẹ́lífì fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Àǹtí, híhó dànù náà ni Póńgàl. Òun ni wọ́n fi ń mọ̀ pé ọdún yóò kún."

Ojú tì mí, ẹ̀rù sì bà mí. Mo rò pé ẹ̀kọ́ mi ti bọ́ nìyẹn. Mo kúnlẹ̀ síwájú Pàtti nínú eruku. Ó bi mí, Sẹ́lífì ń túmọ̀ rẹ̀: "Kí ló dé tí o fa igi yọ?"

"Mà, nílé wa, oúnjẹ tó bá dànù, ẹni tó ń sè é ni kò wò ó."

Pàtti rẹ́rìn-ín músẹ́. "Àlejò mẹ́ta ni mo ti kọ́ rí. Gbogbo wọn ń wo aago, kò sẹ́ni tó wo ìkòkò. Ìrẹsì bíbọ̀ kò fẹ́ aago; èmi yóò kọ́ ọ. Dá igi rẹ padà, ìwọ fúnra rẹ."

Mo koná. Wàrà ru, ó kún, ó sì ṣàn wálẹ̀ sí ìhà ìlà oòrùn, ibi tí wọ́n ń fẹ́ jù. Wọ́n pariwo "Póńgàlò Póńgàl," èmi náà ké "Halelúyà" láàárín wọn, mo fò bí ọmọdé.

Lọ́jọ́ kẹta ọlidé, tí wọ́n ń kun ìwo màlúù wọn, èmi àti Pàtti wà nídìí ìrẹsì. A rẹ ẹ́ mọ́jú, a fi ooru omi sè é títí èèpo rẹ̀ fi la ẹnu díẹ̀ báyìí, a gbé e kúrò kíá. Lẹ́yìn náà ni mo rí àṣìṣe wa: abẹ́ òjìji ni Pàtti ti kọ́kọ́ ń sá a. Àwa a máa dà á sínú oòrùn gangan, ibẹ̀ ló ti ń sán.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì mo gba ọ̀nà Ọrẹ̀ wọlé. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ẹgbẹ́ wa, títí kan ìtìjú mi, torí òun gan-an ló ṣí ilẹ̀kùn fún mi. Ohun tí ilé kọ́ni, kò sí ibi tí kò wúlò dé. A bọ àpò kan bí Pàtti ti kọ́ mi. Nígbà tó ti ẹ̀rọ jáde, hóró rẹ̀ pé. A gbé e lọ sí ọjà Òkìtìpupa.

Obìnrin kan láti Òde-Ìrèlè bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó yẹ̀ ẹ́ wò. "Ìrẹsì òkèèrè yìí mọ́ o. Ìlú wo ló ti wá?"

Alága ẹgbẹ́ wa wò mí, ó yíjú sí i.

"Ẹ̀yìn ulí wa ló ti wá," ó ní, ó nawọ́ sí ọ̀nà ilé wa, ó sì gbé òṣùwọ̀n.