Obì tí Àlejò Gbé Wá

Òórùn íńkì tí mo fi tẹ̀ka ní báńkì rán mi létí ọ̀sán kan ní Ẹ̀gbẹ́dá. Ẹ̀gbọ́n mi ń ka ìtàn àwọn ará òṣùpá fún mi. Èdè wọn kò ní ọ̀rọ̀ fún títà, nítorí náà, àlejò ni wọ́n pe àwọn tó wá ra ilẹ̀ wọn.

Bí ó ti ń kà á lọ́wọ́, ọkùnrin kan gbé obì, ìwé àti íńkì wá bá bàbá àgbà. Bàbá gba obì náà bí ìṣákọ́lẹ̀ tí àwọn tó ń dáko lórí ilẹ̀ wa máa ń mú wá. Ṣùgbọ́n bàtà ọkùnrin náà ń dán, kò jọ ti ẹni tó ń dáko. Ara fu mí.

"Bàbá, ẹ má tẹ̀ka o! Ẹ fẹ́ ṣe bí ará òṣùpá!"

"Panu mọ́ jàre, aláròyé. Lọ bu omi fún àlejò."

Lónìí, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ilé bàbá nìkan ló ṣẹ́kù nínú ilẹ̀ náà.

Lọ́jọ́ yẹn, mo lọ bu omi náà. Nígbà tí mo padà dé, àtàǹpàkò bàbá ti dúdú fún íńkì.