Ọmọ Ọlọ Tí Mo Gbé Lé Bátìrì

Ní Òtókítì tí à ń gbé, bí iná bá dé, kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tí yóò lọ. Nítorí náà, láptọ́ọ̀pù mi kì í kúrò lára ṣájà, orí bẹ́ẹ̀dì ló sì máa ń wà nínú ooru Lọ́kọ́ja yìí. Ìdánwò ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ku ọjọ́ mẹ́ta, gbogbo ohun tí mo fẹ́ kà wà nínú rẹ̀, ni bátìrì bá wú. Ìdérí rẹ̀ kò pa dé mọ́.

Èmi tí mo jáde ní yunifásítì, mo ní ohun tó bá wú, ẹ jẹ́ ká tẹ̀ ẹ́ padà. Mo mú ọmọ ọlọ tí ìyá mi gbé wá láti Kábà, mo fi aṣọ wé e, mo gbé e lé láptọ́ọ̀pù náà lórí bẹ́ẹ̀dì, pẹ̀lú ṣájà lára rẹ̀, mo gba ọ́fíìsì lọ. Orí bẹ́ẹ̀dì yẹn ni ìyá mi máa ń sùn lọ́sàn-án.

Mo tètè dé lọ́jọ́ náà. Ọmọ ọlọ ti padà sí kíṣìnì, láptọ́ọ̀pù sì wà lórí símẹ́ńtì lẹ́yìn ilé, níbi tí oòrùn kò dé. Inú bí mi gan-an.

"Màmá, ẹ ò mọ̀ nípa nǹkan yìí. Ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́."

Ọdún gbọọrọ ni ìyá mi fi ta tòmátì inú agolo. Wọ́n ní, "Agolo tó bá wú, a kì í tà á, a kì í sì í tẹ̀ ẹ́. Ohun tó mú un wú ṣì wà nínú rẹ̀."

Mo pòṣé, mo gbé e lọ bá ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní àdúgbò Crusher. Bó ṣe tú ìdí rẹ̀, ó rí ojú ibi tí òkúta tẹ̀.

"Ọ̀gá, kí lẹ gbé lé e?"

Mo sọ fún un. Ó rọra yọ bátìrì náà, ó gbé e sínú garawa iyanrìn gbígbẹ níta, ó ní kí n má ju irú rẹ̀ sí ààtàn láé.

"Ká ní òkúta yẹn dá a lu pẹ́nrẹ́n, iná ni ì bá sọ. Bẹ́ẹ̀dì ni ì bá kọ́kọ́ mú."

Ó fi tuntun sí i, ìwé mi kò sọnù, ó sì ní orí tábìlì ni kí n ti máa fi ṣájà sí i. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Èmi ti pe ìyá mi ní òpè kí n tó rántí. Ẹ̀rù bà mí nínú kẹ̀kẹ́ títí mo fi délé.

Ìyá mi ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì náà, orí wọn wà níbi tí mo gbé òkúta sí láàárọ̀. Mo dúró tì wọ́n títí wọ́n fi jí. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní kí wọ́n foríjì mí.

"Mo ti gbọ́," ni wọ́n wí. "Ṣùgbọ́n má gbé ọmọ ọlọ mi kúrò ní kíṣìnì mọ́."