Bí Ìyá Máníjà Ṣe Di Ìyá Asìsítáǹtì

Akíntáyọ̀ ọmọ ìlú Akanran kò jí owó, kò sì bá ọ̀gá jà. Kí á tètè sọ bẹ́ẹ̀, torí ohun tí ìyá rẹ̀ rò nìyẹn.

Ọdún méjìdínlógún ló fi ṣiṣẹ́ báńkì. Ìdí káńtà ló ti bẹ̀rẹ̀ n'Íbàdàn, ó ń ka owó olówó títí ìka rẹ̀ fi ń bó. Díẹ̀díẹ̀, ó di máníjà l'Ólódò. Ọjọ́ náà ni gbogbo Akanran gbàgbé orúkọ ìyá rẹ̀. Ìyá Máníjà ni wọ́n ń pè é. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, kò sẹ́ni tó ń bá a du ìjókòó iwájú.

Ó wá di ọjọ́ kan, Akíntáyọ̀ pè é láti Àbújá. "Màmá, báńkì àpapọ̀ ilẹ̀ wa ti gbà mí. Wọ́n fi mí ṣe Asìsítáǹtì Dáírẹ́kítọ̀."

Asìsítáǹtì nìkan ni ìyá gbọ́. L'Ákanran, asìsítáǹtì ni ẹni tó ń gbé báàgì tẹ̀lé alága káńsù.

"Táyọ̀, kí lo ṣe fún wọn?"

"Màmá, ìgbéga ni."

"Kúrò ní máníjà bọ́ sí asìsítáǹtì? Ìgbéga wo nìyẹn?"

Ó gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, àṣé Akíntáyọ̀ ti gbé e sórí Wasáàpù. Nígbà tó fi máa dé ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, Ìyá Títíladé, tí ọmọ tiẹ̀ jẹ́ hẹ́dímisírẹ́ẹ̀sì, ti ń dúró dè é.

"Ìyá Asìsítáǹtì, ẹ kú àárọ̀ o. Ẹ bá wa sún díẹ̀ níbẹ̀."

Ìyá sún.

Nígbà tí Akíntáyọ̀ wálé, kò tíì bọ́ bàtà tí ìyá fi bẹ̀rẹ̀.

"Kí lò ń ṣe níbẹ̀ gan-an?"

"À ń bójú tó ètò..."

"Fi ètò sílẹ̀. Tó o bá wọ báńkì, kí ló ń ṣẹlẹ̀?"

"Mo máa ń lọ yẹ ìwé àwọn báńkì yòókù wò. Tí mo bá wọlé, máníjà ibẹ̀ á dìde."

"Á dìde?"

"Á dìde, Màmá. Fáànù á máa fẹ́, òun á máa làágùn."

"Bí o ò bá ní kó jókòó ńkọ́?"

"Kì í jókòó."

Ìyá fò sókè, ó gbàgbé orúnkún tó ń dùn ún.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, Ìyá Títíladé tún kí i. "Ìyá Asìsítáǹtì!"

"Ẹ gbóhùn sókè," ni ìyá wí. "Àwọn tó wà lẹ́yìn ò gbọ́."

Ní báyìí, ẹni tó bá pè é ní Ìyá Máníjà, kì í dáhùn. Bí onítọ̀hún bá tẹnu mọ́ ọn, á bojú wẹ̀yìn.

"Máníjà wo? Èwo nínú wọn?"