Ilé Ẹ̀gbẹ́ Ojú Irin Tí Bàbá Tún Kọ́

Òórùn pákó tí iná ṣẹ̀ṣẹ̀ gé máa ń wọ aṣọ, ó máa ń wọ irun, kì í sì í tètè jáde. Ní gbogbo àkókò tí mo fi gbé ní Arámọkọ, òórùn yẹn làwọn èèyàn fi ń mọ̀ pé mo ti wọ ṣọ́ọ̀ṣì kí wọ́n tó yíjú wò mí. Ìpotí ni ilé bàbá mi, ṣùgbọ́n Arámọkọ ni mo lọ gba yàrá sí lẹ́yìn tí mo ṣe àgùnbánirọ̀ tán, nítorí pé títì tó ti Adó lọ sí Iléṣà gba àárín ìlú náà kọjá, mo sì gbà pé gbogbo ẹni tó bá ń kọjá ni yóò yà wá ra iṣẹ́ ọwọ́ mi. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà lókè òkun ló fi ẹ̀rọ kan ránṣẹ́ sí mi. Ẹ̀rọ náà kò tóbi ju àpótí aṣọ lọ. Ohunkóhun tí èèyàn bá yà sínú kọ̀ǹpútà ni ẹ̀rọ yìí yóò fi ìtànṣán iná tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú gé lára pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Lésà là ń pè é. Mo gbé e sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yàrá mi, mo so fáànù mọ́ ọn láti máa fa èéfín síta, mo sì gbé pátákó sí etí títì. Lọ́kàn mi, mo ti di ọ̀gá ilé iṣẹ́ ńlá. Ohun tí mo sì ń gé lójoojúmọ́ ni ohun ìsokọ́ kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n ń pín fún àlejò níbi ìsìnkú àgbà.

Bàbá onílé mi ti ṣiṣẹ́ rélùwéè fẹ̀yìntì. Ọ̀gá téṣàn ni wọ́n kó tó di pé iṣẹ́ parí. Kò sí ojú irin kankan ní gbogbo agbègbè wa, láti Ìjerò títí dé Ẹfọ̀n, nítorí náà ńṣe làwọn ará àdúgbò ń wo Bàbá bí ẹni tó ti ìdálẹ̀ dé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àgbẹ̀ Arámọkọ ni àwọn òbí wọn. Ní pálọ̀ wọn, lórí tábìlì ìjẹun kan tó ti gbó, Bàbá to ojú irin kékeré kan yí ká. Ọmọ wọn obìnrin tó ń gbé l'Ékòó ló rí ọkọ̀ kékeré tó ń sáré lórí rẹ̀ láàárín ọjà tòkunbọ̀, bátìrì ló sì ń wà á. Bàbá fi ìwé ìròyìn àti sítáàṣì mọ òkè, wọ́n fi kànìnkànìn ṣe igi. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, mo rẹ́rìn-ín sínú pé àgbàlagbà ń fi nǹkan ọmọdé ṣeré. Nígbà tí mo dúró wò ó pẹ́, mo rí i pé Bàbá kì í kàn jẹ́ kí ọkọ̀ náà máa sáré kiri. Wọ́n a dá a dúró síbi tó yẹ kó dúró, wọ́n a ní ibí yìí ni wọ́n ti ń kó iṣu, kó ní sùúrù díẹ̀, wọ́n á sì tún jẹ́ kó lọ.

Ibì kan wà lórí tábìlì náà tó ṣófo. Bàbá ní téṣàn àti ilé àwọn ni yóò wà níbẹ̀. Wọ́n ti ń fi bíléèdì gé páálí fún un tipẹ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n nígbà yẹn. Páálí tó bàjẹ́ kún abẹ́ tábìlì. Mo rí i, mo kọjá lọ, nítorí mo rò pé eré lásán ni.

Ara Màmá, ìyàwó wọn, kò yá. Àìsàn ìgbàgbé ló ń ṣe Màmá. Wọ́n lè kọ orin ìsìn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, síbẹ̀ wọn ò ní mọ̀ bóyá àwọn ti jẹun. Tó bá di ọ̀sán, Màmá a di ẹrù wọn sínú báàgì, wọ́n a wé gèlè, wọ́n a jáde sí títì láti lọ wọ ọkọ̀ ojú irin. Tí èèyàn bá bi wọ́n pé níbo ni wọ́n ń lọ, wọ́n a ní, "Ulé ni mò ń lọ." Ilé tí wọ́n ń sọ kì í ṣe ilé tí a wà nínú rẹ̀. Ilé kékeré kan ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin, ní ìlú kan lọ́hùn-ún lẹ́yìn Ọ̀fà, níbi tí Bàbá ti jẹ́ ọ̀gá téṣàn, tí wọ́n ti bí àwọn ọmọ wọn. Wọ́n ti wó ilé náà tipẹ́.

Mo fẹ́ràn láti máa wo ohun tí Bàbá máa ń ṣe nígbà bẹ́ẹ̀. Wọn kì í fà á lọ́wọ́, wọn kì í bá a jiyàn pé kò sí ọkọ̀ ojú irin ní Èkìtì. Wọ́n a wọ bàtà, wọ́n a gba báàgì lọ́wọ́ Màmá, àwọn méjèèjì a jọ máa rìn lọ ní etí títì bí ẹni tó ń lọ ìrìn àjò lóòótọ́. Tó bá rẹ Màmá, Bàbá a ní ọkọ̀ tòní ti kọjá, kí àwọn padà wá lọ́la. Wọ́n á sì padà.

Lọ́jọ́ ọjà kan, Bàbá wà ní oko ẹ̀yìnkùlé nígbà tí Màmá jáde tí ẹnì kankan ò rí wọn. A wá wọn títí, a ò rí wọn. Gbogbo gáréèjì la dé. Ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ rí Bàbá tí wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láìtẹ́ nǹkan kan. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìyá kan pè wá láti Ẹfọ̀n pé Màmá wà lọ́dọ̀ òun, pé ọkọ̀ èrò ni wọ́n wọ̀, tí awakọ̀ sì gbọ́ tí wọ́n ń béèrè ibi tí wọ́n ti ń já tíkẹ́ẹ̀tì rélùwéè, ló bá mú wọn wá sọ́dọ̀ òun, òun sì rí nọ́ńbà wa nínú báàgì wọn. Nígbà tí ọmọ wọn tó wà l'Ékòó gbọ́, ó ní ọ̀rọ̀ náà ti parí, òun yóò wá mú Màmá lọ sọ́dọ̀ òun ní ọ̀sẹ̀ Àjíǹde. Yàrá kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù nílé rẹ̀, Màmá àti olùtọ́jú ni yóò sì máa lò ó. Bàbá yóò dá wà ní Arámọkọ. Bàbá kò bá ọmọ náà jà. Wọ́n ní òótọ́ ni, ẹ̀rù ló ń ba ọmọ àwọn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Bàbá kan ilẹ̀kùn mi. Wọ́n mú páálí kan lọ́wọ́ tí wọ́n fi pẹ́ńsù ya ilé sí. Ìlà rẹ̀ wọ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún nítorí ọwọ́ wọn.

Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ilé ló ń wá, mi ò sì lè mú un débẹ̀ mọ́. Bá mi mú ilé náà wá bá a."

Mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Mo rò pé mo ti gbọ́n tán nígbà yẹn, nítorí náà mi ò béèrè ohun tó pọ̀ lọ́wọ́ Bàbá. Mo to òdòdó sí ẹnu ọ̀nà, mo ṣe ọnà sára fèrèsé bíi ti ilé àwọn olówó l'Ádó, mo gé e, mo tò ó, mo gbé e lọ fún wọn pẹ̀lú ìdùnnú. Bàbá gbé e, wọ́n yí i po, wọ́n yìn mí pé ó mọ́, wọ́n dúpẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n rọra béèrè pé ilé ta ni.

Láti ìgbà náà ni mo ti kọ́ láti jókòó gbọ́ ọ̀rọ̀ kí n tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Bàbá kò rántí ìwọ̀n ilé náà ní ẹsẹ̀ bàtà. Ara Màmá ni wọ́n fi rántí rẹ̀. Wọ́n ní fèrèsé ilé ìdáná ga dé àyà Màmá, torí pé ibẹ̀ ló máa ń gbé igbá ẹ̀fọ́ lé tó bá ń wo ọkọ̀ tó ń kọjá. Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn kéré débi pé Màmá ní láti tẹrí ba tó bá ru omi wọlé. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ gùn tó ẹní méjì tí a tẹ́ tẹ̀ lé ara wọn. Mo wọn Màmá níbi tí wọ́n dúró sí, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n bi mí bóyá aṣọ ni mo fẹ́ rán fún wọn. Látara gíga wọn ni mo ti ṣírò gbogbo ilé.

Ẹ̀rọ náà náà ní ìwà tirẹ̀. Iná tó ń gé pákó máa ń jẹ díẹ̀ lára rẹ̀, nítorí náà tí èèyàn bá ya ẹnu pákó méjì kó dọ́gba, wọn yóò tú ara wọn sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá pàdé. Mo ní láti ya ọ̀kan kó fi bí irun orí tóbi ju èkejì lọ. Tí iná bá pọ̀ jù, etí pákó a dúdú bí èédú. Tó bá kéré jù, kò ní já. Mo ba pákó púpọ̀ jẹ́. Ìgbà kan ọwọ́ iná kékeré sọ nínú ẹ̀rọ náà, Bàbá tó jókòó tì mí ló pa jẹnẹrétọ̀, wọ́n ju aṣọ tútù lé e, wọ́n padà jókòó, wọ́n ní ká máa bá iṣẹ́ lọ.

Bàbá kò gbà kí n to ilé náà fún wọn. Wọ́n ní èmi ni kí n gé e, àwọn ni yóò kọ́ ọ. Mo wá gé férémù kan tó lè di ògiri mú lóòró, tó fi jẹ́ pé tí ọwọ́ Bàbá bá tiẹ̀ gbọ̀n, ìhà kan ṣoṣo ni pákó lè gbà. Wọ́n a fi àtẹ́lẹwọ́ tì í, á wọlé, á dún kẹ́. Mo rí ojú wọn nígbà tó kọ́kọ́ dún. Wọ́n mú ògiri kejì.

Bó ṣe di ọ̀sẹ̀ Àjíǹde, ilé náà ti dúró lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ téṣàn tí a gé pẹ̀lú rẹ̀, òrùlé páànù wà lórí rẹ̀ tí mo fi páálí onílà ṣe, okùn aṣọ àti dúrọ́ọ̀mù omi kékeré wà lẹ́yìn rẹ̀. Àǹtí, ọmọ wọn, dé láti Èkó pẹ̀lú awakọ̀. Ó ti ń kó aṣọ Màmá sínú àpótí nígbà tí Bàbá mú Màmá lọ́wọ́ wọ pálọ̀. Màmá kò mọ orúkọ Àǹtí láàárọ̀ náà; "ẹ káàbọ̀ mà" ni wọ́n kí i, Àǹtí sì yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Màmá dúró níwájú tábìlì náà pẹ́. Wọ́n tẹrí ba, wọ́n wo inú ilé náà láti fèrèsé. Lẹ́yìn náà wọ́n na ìka.

"Ta ló gbé dúrọ́ọ̀mù omi sẹ́yìn? Abẹ́ fèrèsé ilé ìdáná ló máa ń wà."

Bàbá gbé dúrọ́ọ̀mù náà sí abẹ́ fèrèsé. "Òótọ́ ni. Èmi ni mo ṣì í."

"Ulé mi rèé," ni Màmá wí, wọ́n sì fa àga, wọ́n jókòó.

Àǹtí ti sún mọ́ wa. Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga náà, ó sì béèrè yàrá tí wọ́n ti bí òun. Màmá fi ìka kan fèrèsé kékeré tó wà ní igun. Wọ́n ní yàrá yẹn ni, òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ náà, ọkọ̀ kan ń bọ̀ láti òkè, ọ̀gá téṣàn kò sì lè fi iṣẹ́ sílẹ̀. Nígbà tó fi máa wá wo ọmọ, àsíá tó fi dá ọkọ̀ dúró ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti tutù, omi ń kán látara rẹ̀ sórí ọmọ, ọmọ náà sì sín. Bàbá rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ tí omi jáde lójú wọn. Àǹtí ní kò sẹ́ni tó sọ ìtàn náà fún òun rí láyé òun.

Ó sun ọjọ́ díẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Nígbà tó ń lọ, òun àti awakọ̀ nìkan ló wà nínú ọkọ̀. Ó bá opó kan sọ̀rọ̀ nínú ìjọ wọn, pé kó máa wá ran Bàbá lọ́wọ́ lójoojúmọ́, ó sì ní kí n bá òun pààrọ̀ ilẹ̀kùn ẹnu ọ̀nà sí èyí tó máa ń dún tí èèyàn bá ṣí i.

Mi ò ní purọ́ pé Màmá yá. Àìsàn náà ń gbilẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n wọn ò gba títì lọ mọ́. Tí wọ́n bá ti ń wá ilé, Bàbá a mú wọn wá sí pálọ̀, ọkọ̀ a rin yípo, á dúró, Bàbá a ní, "A ti dé," ọkàn Màmá á sì balẹ̀. Ìdí ilé náà ni Màmá ti ń jẹun títí di ìgbà tí wọ́n kú, nílé ara wọn, pẹ̀lú ọkọ wọn.

Adó ni mo wà báyìí. Ẹ̀rọ mi ti di púpọ̀, mò ń gé nǹkan fún ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ìwé, mo sì ti wà nílé ọkọ. Bàbá ṣì wà láàyè, mo máa ń yà kí wọn. Ọ̀sán kan ni mo máa ń rántí jù lọ, ní ọdún tí Màmá lò kẹ́yìn, nígbà tí wọn ò mọ Bàbá mọ́ rárá. "Ọ̀gá" ni wọ́n ń pè wọ́n, bí òṣìṣẹ́ ìjọba tó kàn wá sílé ẹni. Mo jókòó tì wọ́n. Màmá yíjú sí Bàbá, wọ́n bẹ̀ wọ́n jẹ́jẹ́ pé, "Ọ̀gá, tí ẹ bá rí ọkọ mi, ẹ sọ fún un pé kó má ṣèyọnu. Ara tù mí níbí."

Bàbá dìde dúró kí wọ́n tó dá wọn lóhùn, bí òṣìṣẹ́ tí a rán níṣẹ́ ṣe máa ń ṣe. Wọ́n ní, "Màá sọ fún un, mà. Inú rẹ̀ máa dùn."

Mo ti ronú lórí ìdáhùn yẹn títí. Mo máa ń wo ọkọ mi nígbà mìíràn tó bá sùn sórí àga, tí ìwé ìròyìn bò ó lójú, mo sì máa ń gbàdúrà pé tó bá kan èmi tàbí òun, kí ẹnì kejì lè dìde dúró bẹ́ẹ̀.