Bí Mo Ṣe Ń Kí Ọ̀gá Sójà Inú Fọ́tò

Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi ń kí òkú, tí mo sì ń retí pé yóò kí mi padà.

Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mò ń ṣe ní Queens Village, lókè òkun níbí. Ọmọ Fílípíìnì ni ìyá tí mò ń tọ́jú. Fọ́tò ọmọ wọn ọkùnrin wà lára ògiri pálọ̀, nínú aṣọ ológun, mẹ́dàlì bo àyà rẹ̀.

"Bàálù ogun ló ń wà," ni ìyá wí lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Wọn ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ wá. Ẹni tó kí ìyá tí kò béèrè ọmọ, kò tíì kí wọn. Láràárọ̀, bí mo bá ti ń bọ́ bàtà: "Ẹ káàárọ̀ mà. Ọ̀gá sójà wa ńkọ́? Ẹ bá mi kí wọn o."

Ìyá á rẹ́rìn-ín. "Àlàáfíà ni."

Lọ́jọ́ kan, ọmọ wọn obìnrin gbọ́ mi, ó fà mí wọ kíṣìnì.

"Bọ̀dá, ta lẹ ń béèrè?"

"Ẹ̀gbọ́n yín ni."

"Ó ti kú láti ọdún méjì."

Ó ní ẹ́ńjìnnì ló kú lókè. Ẹ̀gbọ́n òun ní kí ẹnì kejì tí wọ́n jọ wà nínú bàálù fi páráṣúùtù bẹ́ sílẹ̀. Òun náà ì bá bẹ́, àmọ́ ọjà kún fọ́fọ́ nísàlẹ̀. Ó darí bàálù náà títí ó fi kọjá òrùlé tó kẹ́yìn, ó sì já sí oko ìrẹsì. Ìyá ni wọ́n gbé mẹ́dàlì tó tóbi jù fún.

Lọ́jọ́ kejì, mo rìn yí àdúgbò náà ká lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mi ò lè wọlé. Bàálù ń lọ balẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú JFK, mo sì ń tẹ̀ba bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gbá létí. Ọmọ wọn jókòó sínú bàálù tó ń já, kò sá. Ìyá arúgbó tó wọ sílípáàsì ló ń ba èmi lẹ́rù. Àbí ojoojúmọ́ ni mo ti ń fi ìka ro ojú ọgbẹ́ wọn?

Nígbà tí mo wọlé, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Kí lò ń wá lábẹ́ àga?" ni ìyá bi mí.

"Ẹ forí jì mí, mà. Mi ò mọ̀ pé wọ́n ti kú. Mi ò ní béèrè wọn mọ́ láé."

"Dìde, jàre. Gbogbo ẹni tó ń wá síbí, ikú rẹ̀ ni wọ́n ń bá mi sọ. Ìwọ nìkan ló ń béèrè òun fúnra rẹ̀. Máa béèrè ọmọ mi."