Aago Wúrà Lójú Ọ̀nà Ìfọ́n

Ayédèrú ni gbogbo aago ọwọ́ tí mo ń kó jọ, ṣùgbọ́n mo ń tọ́jú wọn bí ojúlówó. Èmi fúnra mi ni mo ń pààrọ̀ gíláàsì wọn, tí mo ń fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ irin wọn títí á fi máa dán. Inú mi a máa dùn bí àwọn ará ọ́fíìsì wa l'Ọ́wọ̀ bá ń pè mí ní olówó.

Lọ́jọ́ tí mo ń lọ síbi ìdúpẹ́ kan ní Ìfọ́n, mo wọ èyí tó ní àwọ̀ wúrà. Mo ti fi ẹ̀mú tẹ ìkọ́ ṣéènì rẹ̀ pinpin kó má baà já bọ́. Ìyàwó mi ní kí n fi sápò nítorí àwọn ajínigbé. Mo kọ̀. Ta ni yóò kọ́ mi bí mo ṣe máa wọ aago mi?

Lójú ọ̀nà, àwọn ọkùnrin oníbọn yọ látinú igbó, wọ́n dá ọkọ̀ wa dúró. Mo fa ìkọ́ náà títí èékánná mi fi ṣẹ́, kò ṣí. Ìyá àgbà tó jókòó tì mí fi ìborùn rẹ̀ bo ọwọ́ mi.

Àṣé ọdẹ tó ń ṣọ́ ọ̀nà ni wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn ní kí ìyá náà ká ìborùn kúrò, ó sì rí aago náà.

"Ọ̀gá, ẹ bọ́ ọ."

Mo ní ayédèrú ni.

"Àwọn tó wà nínú igbó iwájú ò ní bi yín kí wọ́n tó gbé yín."

Ó ní kí dírẹ́bà máa lọ. A gbéra. Ìkọ́ náà ò tíì ṣí.